Ọkọ̀ Wíwà fún Àgbà Tí Kò Kọ́ Ọ Rí: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

A ní kí ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ti di àgbà, tí ẹ kò sì mọ ọkọ̀ wà, kọ ohun tó ń dà yín láàmú ránṣẹ́. Ìtìjú ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà yín. Àwọn kan sọ ọ́ gbangba, àwọn mìíràn fi í pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé gbogbo àṣìṣe tí ẹ kà sílẹ̀ ló ní ìdí tí a lè nawọ́ sí: ẹsẹ̀ tó wà níbi tí kò yẹ, ojú tó ń wo ibi tí kò yẹ, tàbí ìjókòó tí a kò tò dáadáa. Kò sí èyí tí ọjọ́ orí fà nínú wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 46 ni mí. Gbogbo àwọn ọmọ mi ló ń wa ọkọ̀, èmi ni wọ́n ń gbé kiri. Ṣé kò tíì bọ́ lọ́wọ́ mi? Bí kò bá tíì bọ́, wákàtí mélòó ni yóò gbà mí? – Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin

Ìdáhùn: Kò tíì bọ́ rárá, ìyá wa. Òótọ́ ni pé ara àgbà máa ń pẹ́ díẹ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ kí ó tó gba ohun tuntun mọ́ra, ẹ óò sì ṣe ohun kan náà lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹsẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ń jókòó nínú ọkọ̀. Ẹ mọ bí ọ̀nà ṣe ń rí, ẹ mọ ohun tí ẹni tó gun alùpùpù lè ṣe láìròtẹ́lẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ewu kì í ṣeré. Ọmọ ọdún 18 kò tíì ní èyí.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé wákàtí mẹ́wàá ti tó, ọjà rẹ̀ ló ń polówó. Ẹ fi wákàtí 40 sí 60 sọ́kàn, kí ẹ ka èyí tí ẹ fi ń dánra wò pẹ̀lú ẹlòmíràn mọ́ ti olùkọ́. Bí ẹ bá tètè parí, ó dára. Bí ó bá lé, kò sí láburú níbẹ̀. Bí ẹ ṣe pín in ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Wákàtí kan lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ dára ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí pé ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá kọ́ lójúmọmọ, ojú oorun ni ọpọlọ ti ń tò ó sípò. Lẹ́yìn wákàtí kan àbọ̀, àárẹ̀ á ti dé, àṣìṣe sì ni ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ máa ń kọ́.

Ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ má dé títì rárá. Ẹ wá pápá gbalasa tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ṣófo, kí ẹ má sáré ju 20 kìlómítà ní wákàtí kan, kí ẹ máa gbéra, kí ẹ máa dúró. Dídúró yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ máa ṣàkíyèsí orí ẹni tó jókòó tì yín. Bí orí rẹ̀ bá ń mì síwájú ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró, ẹsẹ̀ yín le lórí bíréèkì dé òpin nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ó bá ku bí ìṣísẹ̀ kan kí ọkọ̀ dúró. Lọ́jọ́ tí orí rẹ̀ kò bá mì mọ́, ẹ ti ṣetán láti jáde sí títì tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí.

Ìbéèrè: Mo kúrú gan-an. Bí mo bá fa ìjókòó síwájú kí ẹsẹ̀ mi lè dé bíréèkì, àyà mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ sítíárìn. Bí mo bá sún un sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi ò ní lè tẹ bíréèkì délẹ̀ mọ́. – Obìnrin kúkúrú

Ìdáhùn: Ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bá dọ́gba. Ẹ jókòó, kí ìdí yín kan ẹ̀yìn ìjókòó pátápátá, kí ẹ tẹ bíréèkì dé ibi tó bá lè dé, tàbí kílọ́ọ̀ṣì (èyí tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀ nínú ọkọ̀ oní-jíà) bí ọkọ̀ náà bá ní in. Ó yẹ kí orúnkún yín ṣì ká díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá dá ibi tí ẹ fẹ̀yìn tì sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, títí tí àlàfo tó wà láàárín igbá àyà yín àti àárín sítíárìn yóò fi tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25. Àpò afẹ́fẹ́ wà nínú sítíárìn tó máa ń tú jáde bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, agbára tó fi ń jáde sì pọ̀ débi pé ó lè ṣe ẹni tó sún mọ́ ọn jù léṣe. Ẹ fọwọ́ wá abẹ́ sítíárìn náà: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ohun kékeré kan níbẹ̀ tí a ń fà láti gbé sítíárìn sókè tàbí sódò, nínú àwọn ọkọ̀ kan a sì lè tì í síwájú. Bí ìjókòó bá ṣe é gbé ga, ẹ gbé e ga títí ẹ óò fi máa wo ọ̀nà láti òkè sítíárìn, kì í ṣe láti àárín rẹ̀. Bí kò bá ṣe é gbé, tìmùtìmù líle tí kì í yọ̀ lè ràn yín lọ́wọ́. Èyí tó rọ̀ kò dára, torí pé ẹ óò máa rì sínú rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Ìgbà tí ìjókòó bá tó dọ́gba ni kí ẹ tó fọwọ́ kan dígí. Nínú dígí àárín, kí ẹ rí gbogbo fèrèsé ẹ̀yìn. Nínú ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ara ọkọ̀ tiyín má gbà ju etí tínínrín kan lọ, kí ìyókù jẹ́ títì. Ẹ fa bẹ́líìtì kọjá lórí eegun ìbàdí, kí ó má gba orí ikùn. Bí ẹlòmíràn bá wa ọkọ̀ náà lẹ́yìn yín, ẹ tún gbogbo èyí ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọkọ̀ oní-jíà ni mo fi ń kọ́ṣẹ́. Bí mo bá ti fẹ́ gbéra, á gbọ̀n jìgìjìgì, á sì kú. Olùkọ́ mi ní kí n rọra fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Mo ń rọra, ó ṣì ń kú mọ́ mi lẹ́sẹ̀. – Ẹni ọdún 38

Ìdáhùn: “Rọra” nìkan kò tó. Ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí ẹ ti máa rọra.

Ẹ fojú inú wo àwo méjì tó dojú kọ ara wọn. Ọ̀kan so mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì ń yí ní nǹkan bí ìgbà 700 sí 900 láàárín ìṣẹ́jú kan bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró. Èkejì so mọ́ jíà àti táyà, kò sì yí rárá nítorí pé ọkọ̀ dúró. Bí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, àwo méjèèjì á kúrò lára ara wọn. Bí ẹ bá ń gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n á máa sún mọ́ra. Bí èyí tó dúró bá ṣàdédé gbá èyí tó ń yí mú, á fà á dúró, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Ohun tí a fẹ́ ni kí èyí tó ń yí kọ́kọ́ fi ara ra èkejì, kí ó máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀ títí àwọn méjèèjì yóò fi jọ máa yí.

Ibi tí wọ́n ti ń fara kanra yìí kò gùn. Nínú gbogbo ìrìn ẹsẹ̀ yín láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta lọ. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ lè gbé ẹsẹ̀ kíákíá, kò sí ohun tí yóò ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń rọra láti ìsàlẹ̀ wá, itan á ti máa ro wọ́n, ìgbà tí wọ́n bá wá dé ibi tó ṣe kókó gan-an ni ẹsẹ̀ á fò. Bóyá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn.

Ẹ ṣe báyìí ní ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò sì sí ènìyàn. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀, ẹ fi sí jíà kìíní, ẹ tú bíréèkì ọwọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí bíréèkì, ẹ má sì fi kan tòrótù rárá (ìyẹn ibi tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, tí a tún ń pè ní iná). Ẹ wá máa gbé ẹsẹ̀ òsì bọ̀. Etí ni kí ẹ fi ṣọ́ ọ: ohùn ẹ́ńjìnnì á wálẹ̀ lójijì bíi ti ẹni tí a gbé ẹrù rù, ìjókòó á gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ yín, imú ọkọ̀ á fẹ́ gbéra sókè. Ẹ dá ẹsẹ̀ dúró níbẹ̀. Ẹ má gbé e, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ọkọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀ bí ẹni tó ń rin ìrìn gbẹ̀fẹ́. Nígbà náà ni kí ẹ tó gbé ìyókù ẹsẹ̀ sókè. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì padà, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ dúró, ẹ tún un ṣe. Ẹ ṣe é ní ogún ìgbà kí ẹ tó rántí pé tòrótù wà. Bí ẹ bá ti mọ ibẹ̀ nínú ọkọ̀ kan, ẹ ó rí i pé ó yí padà díẹ̀ nínú ọkọ̀ mìíràn. Nítorí náà, ẹ má pààrọ̀ ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́.

Ẹ wo bàtà yín pẹ̀lú. Sálúbàtà ń yọ̀, bàtà gogoro kò jẹ́ kí gìgísẹ̀ balẹ̀, èyí tí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ nípọn kò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń rìn, ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì pátápátá. Ẹsẹ̀ tí a gbé lé e ló ń jẹ ẹ́ run, òórùn jíjó tó ń ta imú yẹn sì ni àmì rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sójú títì, kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn náà bíréèkì ọwọ́, kí ẹ yọ jíà, kí ẹ tó ṣáná sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń fun fèrè lẹ́yìn yín máa fun tirẹ̀.

Ìbéèrè: Ní pẹrẹsẹ, mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Orí òkè ni wàhálà wà. Bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ọkọ̀ á máa yí lọ sẹ́yìn. – Akẹ́kọ̀ọ́ oní-jíà

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí bíréèkì ọwọ́ bá yín di ọkọ̀ mú, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún lè ráyè lọ sórí tòrótù. Ẹ fà á sókè, ẹ fi sí jíà kìíní, ẹ tẹ iná díẹ̀ ju ti pẹrẹsẹ lọ, kí ẹ sì gbé kílọ́ọ̀ṣì dé ibi tí ohùn ẹ́ńjìnnì ti ń wálẹ̀. Ẹ dúró síbẹ̀ títí ẹ óò fi rí i pé imú ọkọ̀ gbéra tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fò ṣùgbọ́n tí okùn dè mọ́lẹ̀. Bíréèkì ọwọ́ ni okùn náà. Ẹ tú u, ọkọ̀ á lọ. Bí ó bá ṣì yí sẹ́yìn, ẹ tètè tú u nìyẹn. Ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé kan máa ń di ara wọn mú lórí òkè fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi méjì lẹ́yìn tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, àmọ́ ẹ kọ́ ti ọwọ́ ná, kí ọkọ̀ tí kò ní èyí má bàa dójú tì yín.

Ìbéèrè: Ọtomátíìkì ni ọkọ̀ tí mo fi ń kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ kan tí mo ń fi ẹ̀yìn rìn, mo tẹ tòrótù, mo rò pé bíréèkì ni. Díẹ̀ ló kù kí n wọ ògiri. Láti ìgbà yẹn, mo ti sá fún un. – Bàbá ọlọ́dún 57

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ èyí, bàbá, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í fẹ́ sọ ọ́. Gìgísẹ̀ ni ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé gbogbo ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ láti orí tòrótù lọ sórí bíréèkì ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà nínú òkùnkùn. Bí ara bá wá yí padà, bíi ìgbà tí ẹ bojú wẹ̀yìn, ìdí àti itan á yí pẹ̀lú rẹ̀, ẹsẹ̀ á sì balẹ̀ síbi tí ẹ kò rò.

Ẹ fi gìgísẹ̀ ọ̀tún lélẹ̀ ní ọ̀kánkán bíréèkì, kí ó máa gbé ibẹ̀. Iwájú ẹsẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa yí sọ́tùn-ún láti tẹ tòrótù, kí ẹ sì yí i padà sí bíréèkì. Ẹsẹ̀ òsì kò ní iṣẹ́ kankan nínú ọkọ̀ ọtomátíìkì. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ má gbé e. Kí ẹ tó tún ṣáná sí ọkọ̀, ẹ jókòó nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó kú, kí ẹnìkan máa pè é fún yín: “Iná! Bíréèkì! Bíréèkì! Iná!” Ẹ ṣe é ní ìgbà 50 láìwo ilẹ̀, kí ẹ wá ṣe ìgbà 50 mìíràn pẹ̀lú ọrùn yín tó yí sẹ́yìn.

Ohun kejì ni pé bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn níbi tóóró, ẹ kò nílò tòrótù rárá. Ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ọkọ̀ ọtomátíìkì tó wà ní D (síwájú) tàbí R (sẹ́yìn) máa ń rìn fúnra rẹ̀ bí ẹ bá dẹ bíréèkì. Ẹ fi bíréèkì nìkan dín in kù, kí ẹ fi dá a dúró. Ẹsẹ̀ tí kò kúrò lórí bíréèkì kò lè ṣi tòrótù tẹ̀.

Bí ó bá sì tún ṣẹlẹ̀, ẹ rántí pé ẹ̀rù ló ń sọ ọ́ di jàǹbá: ẹni náà gbà pé bíréèkì lòún tẹ̀, ó rí i pé ọkọ̀ ń sáré sí i, ó sì tún ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá ké tí ọkọ̀ sì fò, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun gbogbo, kí ẹ tó tẹ bíréèkì. Bí kò bá gbọ́, ẹ ti jíà sí N, níbi tí ẹ́ńjìnnì kò ti fa táyà mọ́. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré, nítorí pé sítíárìn á le, nínú ọkọ̀ mìíràn ó tilẹ̀ lè tì pa.

Ìbéèrè: Ọkọ̀ kì í dúró lójú kan bí mo bá ń wà á. Á wọ́ sọ́tùn-ún, á wọ́ sósì. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá wá ń bọ̀ lódìkejì, ńṣe ni ó máa ń dà bíi pé ó ń fà mí mọ́ra. – Ẹlẹ́rù

Ìdáhùn: Ọkọ̀ akẹ́rù náà kò fà yín, ẹ̀yin lẹ ń wò ó. Ibi tí ojú bá ń wò, ibẹ̀ ni ọwọ́ ń darí ọkọ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Bí ọkọ̀ ńlá bá ń bọ̀, ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kí ẹ sì gbé ojú sí àyè tí ẹ máa gbà kọjá, níwájú lọ́hùn-ún, ní àárín ojú ọ̀nà tiyín. Ẹ ó rí i pé ọwọ́ á tẹ̀ lé ojú.

Wíwọ́ kiri náà, ojú ló fà á. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń wo iwájú imú ọkọ̀ gan-an, mítà márùn-ún sí mẹ́wàá. Ní 50 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ ń jẹ nǹkan bíi mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ẹ tó rí ohun kan tán, ẹ ti kọjá rẹ̀. Nítorí náà ẹ ń tún sítíárìn ṣe lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti yẹ̀, ẹ sì ń tún un ṣe jù. Ẹ gbé ojú sókè sí ibi tí ẹ máa dé ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sí i, ìyẹn nǹkan bíi mítà 140 níwájú. Ó máa ń ṣòro gbàgbọ́ títí ẹni yóò fi dán an wò: ọkọ̀ á là á tààrà.

Ẹ wo ọwọ́ yín náà. Bí ẹ bá ka sítíárìn sí ojú aago, kí ọwọ́ òsì wà ní 9, kí ọ̀tún wà ní 3. Bí orí ìka yín bá ti funfun, ẹ ti di í mú jù, gbogbo gbígbọ̀n apá yín sì ń wọ inú ọkọ̀. Ẹ mí kanlẹ̀ síta, kí ẹ ju èjìká sílẹ̀. Kí ẹ sì máa fi ẹnu sọ ohun tí ẹ ń rí: “Ọmọdé wà létí títì. Ọkọ̀ iwájú tan iná bíréèkì. Oríta ń bọ̀.” Ẹni tó ń sọ ohun tó ń rí kò ní ráyè máa sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, olùkọ́ yín á sì gbọ́ ohun tí ẹ kò rí.

Ìbéèrè: Bàálé mi ló ń kọ́ mi. Ariwo ló fi ń kọ́ mi. A kì í bára wa sọ̀rọ̀ bí a bá délé. – Ìyàwó ilé

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí fún un. Ẹni tó ti wa ọkọ̀ fún ogún ọdún kò mọ ohun tí ẹsẹ̀ òun ń ṣe mọ́, nítorí náà kò lè ṣàlàyé rẹ̀. Ó ń rí ewu ṣáájú yín, kò sì ní bíréèkì lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ariwo náà kì í ṣe ìbínú. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ ní bíréèkì tiwọn lábẹ́ ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí ara wọn fi balẹ̀. Èrò tiwa ni pé kí wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́ jẹ́ ti olùkọ́, kí bàálé yín wá máa bá yín tún ohun tí ẹ ti kọ́ ṣe.

Bí òun nìkan náà lẹ bá ní, ẹ fẹnu kò lórí nǹkan mélòó kan kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa kọ́ lọ́jọ́ náà. Kí ó máa sọ ibi ná, kí ó tó sọ ohun tí ẹ máa ṣe: “Ní oríta tó ń bọ̀ lẹ́yìn igi yẹn, yà sọ́tùn-ún.” Kí ó sọ ọ́ nígbà tí ẹ ṣì jìnnà. “Wò ó! Wò ó!” kì í ṣe ìtọ́ni, torí pé kò sọ ohun tí ẹ máa wò. Kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “Dúró!”, wà fún ewu nìkan, kí ẹ̀yin náà sì dúró lójú ẹsẹ̀ láìbéèrè. Kí ó má fọwọ́ fa sítíárìn mọ́ yín lọ́wọ́, àfi kí ẹ̀mí fẹ́ bọ́. Bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ yà síbi tó láàyè, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tó sọ ọ́.

Ìbéèrè: Kí ni àṣírí fífi ẹ̀yìn wọ àárín ọkọ̀ méjì létí títì? Mo ti fi ọkọ̀ mi ha bọ́ńpà ẹlòmíràn rí. – Onísùúrù

Ìdáhùn: Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ẹ má wọ àyè tí kò tó ìlọ́po kan àbọ̀ gígùn ọkọ̀ yín. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ iwájú, kí àlàfo àárín yín tó nǹkan bíi mítà kan, kí bọ́ńpà ẹ̀yìn yín sì bá tirẹ̀ dọ́gba. Ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn bí ìgbín, kí ẹ yí sítíárìn tán sí ìhà etí títì. Bí ọkọ̀ yín bá ti dá gẹ̀rẹ́ ní nǹkan bíi dígírì 45 sí etí títì, ẹ dá sítíárìn padà sí àárín, kí ẹ ṣì máa lọ sẹ́yìn. Ìgbà tí igun iwájú yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìdí ọkọ̀ iwájú náà ni kí ẹ yí i tán sí ìhà kejì. Imú yín á wọlé. Ẹ tọ́ táyà, ó parí. Láti táyà sí etí títì kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ.

Ohun tó ń fa híha náà ni pé táyà iwájú ló ń yí. Bí ìdí ọkọ̀ bá ń wọlé, imú rẹ̀ ń jáde sí ojú títì ní ìhà kejì, ojú gbogbo ènìyàn sì wà lẹ́yìn. Ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ wo igun iwájú, ẹ wo ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tún wo ẹ̀yìn. Bí ó bá wọ́, ẹ jáde, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti fi yíyí kéékèèké tún un ṣe nínú ibẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ láti ọdún 15 sẹ́yìn, n kò sì wa ọkọ̀ rí láti ìgbà náà. Ṣé mo lè kàn bẹ̀rẹ̀? – Oníwèé

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ wò ó bóyá ìwé náà ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì gba ẹ̀kọ́ wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà lọ́wọ́ olùkọ́ kí ẹ tó dá jáde. Ara kì í gbàgbé tán, ẹ kò ní pẹ́ kí ó tó padà wá.

Ìbéèrè: Mo ní wárápá, ṣùgbọ́n oògùn ti mú un rọlẹ̀. Mo sì ń lo oògùn ara yíyún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé mo lè kọ́ ọkọ̀ wíwà? – Ẹni tó ń bẹ̀rù

Ìdáhùn: Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ lórí wárápá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè pé kí ó ti pẹ́ tó ti gbé ẹni náà gbẹ̀yìn kí wọ́n tó fún un níwèé. Dókítà yín ni ẹ ó kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà ilé iṣẹ́ tó ń fúnni níwèé. Ẹ má fi pamọ́. Ní ti oògùn ara yíyún, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń mú oorun wá, oorun náà sì lè kù lára di ọjọ́ kejì. Ẹ béèrè èyí tí kì í kunni lóorun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú yín wò pẹ̀lú. Ojú tó ń ka ìwé dáadáa lè má rí ọ̀nà jíjìn.

Ìbéèrè: Mo ti ń wà á nínú ìlú. Ọ̀nà márosẹ̀ ló kù tí ó ń já mi láyà. – Ó kù díẹ̀

Ìdáhùn: Ìyára nìkan ló yí padà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe kò kéré. Ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan, mítà 28 ni ọkọ̀ ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, àyè tí bíréèkì nílò láti dá ọkọ̀ dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ mú òpó kan lójú. Bí ìdí ọkọ̀ iwájú bá kọjá lára rẹ̀, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Bí ẹ bá dé ibi òpó náà kí ẹ tó kà á tán, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ ka mẹ́rin.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ ojú ọ̀nà náà, ẹ má dúró lẹ́nu ìwọlé bí ọ̀nà bá ṣí sílẹ̀. Ẹ tẹ iná títí ìyára yín yóò fi bá ti àwọn tó wà níbẹ̀ mu, kí ẹ tó wọ àlàfo. Ẹni tó ń rọra wọlé láàárín àwọn tó ń sáré ló ń kó sí wàhálà. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò ní ìlà kan bọ́ sí òmíràn, ẹ wo dígí àárín, ẹ wo dígí ẹ̀gbẹ́, ẹ tan iná tó ń tọ́ka sí ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ wá yí ọrùn fìrí wo ẹ̀gbẹ́ èjìká yín. Ibẹ̀ ni dígí kò dé, odindi ọkọ̀ sì lè wà níbẹ̀. Ẹ má wò ó ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, nítorí iwájú ò dúró dè yín.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ lọ ní ọ̀sán, kí ilẹ̀ gbẹ, kí ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ wọlé ní ibì kan, kí ẹ jáde ní ibi ìjáde tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ti gbójú kọjá ibi tó yẹ kí ẹ ti yà, ẹ máa lọ títí dé èyí tó kàn. Ẹ má fi ẹ̀yìn rìn lórí ọ̀nà márosẹ̀ láé, bó ti wù kí ibi tí ẹ kọjá náà sún mọ́ yín tó.